Wòlímọ̀ Tí Mo Dá Sí Ọjọ́ Ìdìbò

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Màgáríbì

Ojú ṣì ń tì mí. Lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa, àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò kàn jókòó, wọ́n ń lé eṣinṣin. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn ọ̀dọ́ Gàmbàrí, àdúgbò wa, pé ọ̀lẹ ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Álífà, ta lò ń bú? Inú ilé rẹ ni gbogbo wọn wà. Ìwọ lo dá wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú sí òní."

Astagfirullah. Ààwẹ̀ tó ń bọ̀ nìkan ni mo rò nígbà tí mo ń mú ọjọ́.

Mo gba máìkì: "Ẹ lọ dìbò ná, oúnjẹ á dúró." Àwọn ìyá arúgbó ló kọ́kọ́ dìde. Ìlà gùn dé etí gọ́tà.

Ìrẹsì ti tutù kí a tó padà. N ò jẹ ìrẹsì tútù tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.