Ẹran Omi Tí Mo Sá Sóòrùn

Peckham, London
Oṣù Karùn-ún, 2024

Bọ̀dá mi Adébánjí,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyàwó wa ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé kí orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀ kí lẹ́tà yìí tó dé. Àwa náà ń bẹ láyọ̀.

Ẹ ní kí n bá Moyinolúwa ọmọ yín sọ̀rọ̀, kó fi ẹ̀kọ́ ẹranko sílẹ̀ ní yunifásítì, kó padà sídìí accounting. Mo gbà pẹ̀lú yín nígbà náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Sátidé.

Èmi ni mo kó àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa jáde láti tún odò kékeré inú páàkì Peckham Rye ṣe. Ẹ mọ̀ mí, n kì í fiṣẹ́ falẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò kó ìdọ̀tí ti ń dúró, ewé inú omi ti kún àpò, ni mo bá rí alángbá kékeré kan nínú odò. Àánú ṣe mí. Mo gbé e jáde, mo sá a sórí òkúta kó lè gbẹ.

Àfi igbe Moyin, tó bá wa wá ṣiṣẹ́: "Aunty, ẹ má bínú, pípa lẹ ń pa á o!" Ó kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi kó tó gbé e. Ó ní newt ni, ẹran omi tó jẹ́ ìbátan ọ̀pọ̀lọ́, kì í ṣe alángbá. Awọ ara ló tún fi ń mí, kò gbọdọ̀ gbẹ. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó rọra yí i padà: "Ẹ wo ọ̀fun rẹ̀, kò ní àmì tó-tò-tó bíi ti èyí tó wọ́pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní awọ láàárín ìka bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Ìrù wá parí sí fọ́nrán tín-ín-rín. Ẹ̀yà newt tí wọ́n ń pè ní palmate ni, akọ sì ni." Bọ̀dá mi, ohun tí kò gùn ju ìka mi lọ! Ó dá a mọ̀ bí ìyá ṣe ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò ọjà Rye Lane.

Kò tán síbẹ̀. Ó tú àpò wa, ó fa ewé kan tó ká yọ. Ẹyin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Abo wọn máa ń fi ewé pọ́n ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pọ́n ẹ̀kọ. Moyin ní, "Gbogbo ewé yìí á padà sómi."

Boaz tó wa ọkọ̀ wa ní, "Torí ọmọ alángbá ni mo ṣe pàdánù oorun mi?"

Moyin ò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Uncle Boaz, àpò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yẹn ni tiyín."

Ẹ̀rín pa wá. Boaz sì ká ṣòkòtò, ó wọ odò. Gbogbo wa dá ewé padà. Ike àti ọ̀rá nìkan ni ọkọ̀ gbé lọ. Èmi tí mo kàwé lórí bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, n kò rí ẹni tó darí àgbàlagbà báyẹn rí láìgbóhùn sókè.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ rán mi, n kò jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣe ohun tó mọ̀. Ọlọ́run tó dá erin tó dá newt yóò jẹ́ kí ẹ jèrè rẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í fọ̀rọ̀ pamọ́,
Kánsọ́lá

Mo tún rántí: ẹ pè é lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má dárúkọ accounting. Ẹ ṣáà bi í bí ọ̀fun ẹran náà ṣe rí. Ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ yín bí ẹ ò ṣe gbọ́ ọ rí.