Eruku Funfun Tí Bàbá Rẹ Gbé Wálé

Lucimeire ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí ní Goiânia? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Màríà Ìyá Wa Aparecida fi aṣọ rẹ̀ bò yín. Igi pequi ẹ̀yìnkùlé so wọ̀ǹtìwọnti lọ́dún yìí, àmọ́ ikọ́ kò jẹ́ kí bàbá rẹ gbádùn rẹ̀. Tó bá rìn dé ẹnu ọ̀nà báyìí, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó gun òkè.

Dókítà ní kó lọ ya fọ́tò àyà. Mo wọ aṣọ búlúù tí mo fi ń lọ Máàsì, mo kun àtíkè, mo fi òróró pa irun bàbá rẹ, àfi bí wọ́n ṣe ní òun nìkan ni, kó sì bọ́ ẹ̀wù! Fọ́tò jáde, kò lórí, kò lẹ́rìn-ín, egungun lásán. Mo ní kí wọ́n tún un yà, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní eruku amiántò, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe páànù òrùlé, tí bàbá rẹ fọ́ ní kòtò ìwakùsà, rí bí abẹ́rẹ́ tín-ín-tín, ó ti gún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àpá ibẹ̀ sì ti le, kì í jẹ́ kó fẹ̀ mọ́. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n ń pín wàrà fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ láti fi fọ eruku, bàbá rẹ kì í sì í ṣẹ́ ẹ kù. Dókítà ní, Dona Jovelina, ikùn ni wàrà ń lọ, kò mọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Mo ní ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì, eruku wo ló tún kù? Ó ní eruku yìí kì í jáde, ó lè sùn fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kó tó jí.

Ó wá bi mí pé ta ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ nígbà náà. Mo yangàn, mo ní èmi ni, mo sì máa ń gbọ̀n ọ́n dáadáa kí n tó rì í sómi, gbogbo ilẹ̀ á funfun. Bírò rẹ̀ dúró lójú ìwé. Ó ní kí èmi náà lọ yà. Ọjọ́ Ẹtì ni n óò gbọ́ èsì.

Ó tún bi mí bóyá ọmọ wà nílé nígbà náà. Ìwọ lo máa ń sáré pàdé bàbá rẹ kó tó bọ́ aṣọ, tí o máa ń fi ojú nu ẹ̀wù rẹ̀, tí irun rẹ á funfun, tí a ó máa pè ọ́ ní màmá àgbà. A máa ń rẹ́rìn-ín!

Owó òrùlé tí mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi ya fọ́tò àyà tìrẹ, kíákíá, mo bẹ̀ ọ́. Má wulẹ̀ wọ aṣọ tó dáa, wọn ò ní wò ó. Má sì jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́, torí ìtàn bí o ṣe ń dì mọ́ ọn yẹn ló ṣì fi ń dá ara rẹ̀ lára yá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìfẹ́ tí o fi pàdé bàbá rẹ lẹ́nu ọ̀nà di àrùn sí ọ lára. Àmín.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Jovelina