Ohùn Alfa Tájù Lórí Rédíò Mpape

Ojúlé Kẹrìnlá,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Ará Ìlọrin,
Mpape, Abuja.
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ọlábímtán,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Rachael aya rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti parí ìdánwò? O kú òjò, o kú iṣẹ́ olùkọ́, o sì kú àìrójú kọ̀wé sí ẹni. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún tí kò ní ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́.

O mọ̀ pé ní Mpape níbí, ariwo àwọn afọ́kúta kì í jẹ́ ká gbọ́ ẹni tó ń pe ìrun. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣòwò ará Ìlọrin fi ní kí n ṣe rédíò kan sí mọ́ṣáláṣí, tí yóò máa gbé ìpè ìrun lọ sínú rédíò kékeré tí wọ́n pín fún ilé kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Ìwọ tí o máa ń sùn nígbà físíìsì, fara balẹ̀: kọ̀ǹpútà á gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde sí i lára, á fi ránṣẹ́. Rédíò mọ́ṣáláṣí á wo aago tirẹ̀, èyí tó ń gbà lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà, kò ní tú u sílẹ̀ títí àkókò á fi pé. Èyí tó bá pẹ́ dé, á dà á nù.

Ohùn Alfa Tájù, ládàánì wa, ni mo gbà sílẹ̀. Ó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó pe ìrun, a sì fi ikọ́ náà síbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, Alfa jáde láyé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ṣì ń wúkọ́ nínú gbogbo ilé. Àlájà Mùfúlíátù, ìyàwó rẹ̀, á gbé rédíò tirẹ̀ sórí itan, á máa dá a lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, òkú bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ìṣẹ́jú méje gbáko ṣáájú àkókò ló ń pè. Àwọn obìnrin kírun láìtíì tó àkókò, wọ́n ní láti tún un kí. Àwọn kan ń fi aṣọ bo rédíò wọn, wọ́n ní Alfa ń pe ẹnì kan ni, ẹni náà kò sì tètè dáhùn. Alhaji Saeed, alága mọ́ṣáláṣí, ránṣẹ́ pè mí. "Kai, Anwar, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dẹ́rù ba èèyàn. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, a máa pa ohùn yẹn rẹ́ ni, ká lo ti ẹlòmíì." Mo ní kí n kó ohùn náà sórí fóònù Àlájà, kó lè máa gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀. Alhaji mi orí. "Ẹni tó ń pe ìrun fún ìyàwó rẹ̀ nìkan kì í ṣe ládàánì."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi yẹ ẹ̀rọ wò. Wáyà dára, eriali dára. Ní ọjọ́ karùn-ún, iná lọ, iná dé, mo sì rí Abdulqudus tó ń tọ́jú mọ́ṣáláṣí: ó ń wo aago ara ògiri, ó ń fi í tún aago kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí bátìrì inú kọ̀ǹpútà ti kú. Alfa Tájù fúnra rẹ̀ ló ti aago ògiri yẹn síwájú nígbà ayé rẹ̀, kí àwọn oníṣòwò má baà pẹ́ dé. Gbogbo wa la mọ̀, a kàn máa ń yọ méje kúrò lọ́kàn wa. Oṣù tó kọjá ni Abdulqudus ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kí rédíò mọ́ṣáláṣí máa gba àkókò lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì, kí kọ̀ǹpútà máa gba tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́bọ la dán an wò, ní ìrun Àsárì. Alhaji Saeed lọ jókòó sílé Àlájà. Èmi nìkan wà nídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú rédíò kékeré kan. Bí agogo mẹ́rin ti lù, létà L bẹ̀rẹ̀ sí í to lójú kọ̀ǹpútà, L, L, L, tí í ṣe àmì pé ohùn pẹ́ dé, rédíò mọ́ṣáláṣí sì ń dà á nù. Mo ti gbàgbé pé aago sátẹ́láìtì fi ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún ṣíwájú èyí tí aráyé ń lò. Láti orí ikọ́ dé ìparí, gbogbo rẹ̀ ló dà nù. Rédíò ọwọ́ mi kò sọ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé mo ti ba ọ̀rọ̀ Àlájà jẹ́, mo bá jáde láti lọ bẹ̀bẹ̀.

Mo dé ilé Àlájà, mo bá wọn tí wọ́n ń tẹ́ ẹní. Alhaji Saeed bọ̀ mí lọ́wọ́. "O ṣe é, Anwar. Ní agogo mẹ́rin géérégé ni Alfa wúkọ́." Àwọn ará ilé kejì ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Àlájà nu ojú rẹ̀, ó ní tòní ni ọkọ òun pè jẹ́jẹ́ jù lọ.

Mo gba ìyìn náà, Ọlábímtán. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tún ìṣirò mi ṣe, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ déédéé báyìí; wọn kò pa ohùn náà rẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohùn kankan tó jáde ní ìrun Àsárì yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí.

Bá mi kí Màmá, Rachael àti Tiwátọ́pẹ́ ọmọ yín. Habeebah ìyàwó mi ń kí yín; òun náà gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ó ní ó dùn létí. Tí o bá fẹ́ pè mí, má pè ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń pa gbogbo ohun tó ń dún nílé nígbà yẹn, màá sì jókòó tẹ́tí. Gbogbo ilé ló gbọ́ Alfa lọ́jọ́bọ. Èmi tí mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni n kò gbọ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Anwar Jàbárù.