Ẹnu Tí Mo Ṣí Tí Mi Ò Pa Dé Nínú Ẹ̀rọ Moyọ̀sọ́lá

Moyọ̀sọ́lá, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo sùn, ṣé dáadáa lo sì jí, torí mo ti sùn nígbà tó o wọlé, mi ò sì tíì jí nígbà tó o jáde. Bàtà rẹ tó ń kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn lẹ́nu ọ̀nà ni mo fi ń mọ̀ pé o wà láàyè. Ọlọ́run tó ń mú ọ lọ sí Yaba tó ń mú ọ bọ̀, kò ní gbàgbé ọ sọ́nà. Ara tèmi le, àfi orúnkún mi tó ń ṣe bí ilẹ̀kùn báńkì, tó máa ń há èèyàn sáàárín títí wọ́n á fi bẹ̀ ẹ́.

Ìròyìn ilé ò pọ̀, ilé kan náà la kúkú jọ wà. Omi wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo pọn ọ́n kún gbogbo garawa. Ológbò kan bímọ mẹ́rin sábẹ́ táńkì. Mo sọ fún ọ nínú ẹ̀rọ, bóyá o ti kà á.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní kí n má dá ọ̀rọ̀ gbé sínú, kí n máa kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́, pé wàá máa kà á tó o bá dé. O ní ojú dúdú tó o ti ń kọ iṣẹ́ rẹ, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ni, ohunkóhun tí mo bá kọ, ẹ̀rọ á rò pé iṣẹ́ ni, á máa kùn ún lọ́dà. Ó kùn ún lóòótọ́. Orúkọ rẹ funfun. Mo kọ ọjọ́ orí mi, 71, ó pọ́n yòò, mo ní ṣé kò sí o, ṣé ẹ̀rọ yìí ń kìlọ̀ fún mi ni. Tí mo bá sì fi àmì ọ̀rọ̀ ẹnu, eyín ehoro méjì yẹn, síwájú àti sẹ́yìn ohun tí èèyàn kan sọ, ọ̀rọ̀ náà á di àwọ̀ ewé. Ó dùn mọ́ mi, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ń gbọ́ mi, tí ojú rẹ̀ ń yí padà bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dùn sí.

Àfi lọ́jọ́ Ajé tí gbogbo rẹ̀ di ewé. Orúkọ rẹ, ewé. 71 mi, ewé. Mo pa á, mo tàn án. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu ojú rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Abdullateef ìsàlẹ̀ tó ń ta iná mọ́tò ní Ládìpọ̀, ó kanlẹ̀ wò ó, ó ní Bàbá Télọ̀, wáyà ló kan wáyà yìí o, ó ní òun lè bá mi wá ojú tòkunbọ̀. Mo ní kó dúró ná.

Lọ́jọ́ kejì mo bá ìwé pélébé tó o lẹ̀ mọ́ fíríìjì. O ní ẹ̀rọ ò bàjẹ́, o ní èmi ni mo ṣí ẹnu níbì kan tí mi ò pa á dé. Ó dùn mí díẹ̀. Mo rò ó títí, ta ni mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa? Mo lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Abdullateef, torí mo ti sọ nígbà kan pé orí rẹ̀ pá ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti mọ̀ báyìí. Mo wá pa ẹnu mi dé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò tiẹ̀ le, kò kúkú sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo tan ẹ̀rọ, ewé náà ni.

O tún lẹ ìwé kejì, o ya eyín ehoro náà síbẹ̀. O ní kí n lọ síbi tí àwọ̀ ewé ti bẹ̀rẹ̀, pé mo fi àmì síwájú ọ̀rọ̀ ẹnì kan, mi ò fi síbi tó parí, ẹ̀rọ wá gbà pé ẹni náà ṣì ń sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó yé mi wàyí. Òwú tí a ò so nídìí ni, èmi télọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Mo gòkè díẹ̀díẹ̀, mo bá a.

Ọ̀rọ̀ rẹ ni. Ọjọ́ tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lẹ́yìn ìsìnkú ìyá rẹ, torí o ní kí n má dá nìkan wà, o gbé báàgì mi sílẹ̀, fóònù rẹ dún, o ní:

“Bàbá, ẹ jókòó, mò ń bọ̀ wá bá yín sọ̀rọ̀

Ibi tó o bá a dé nìyẹn. Bó o ṣe sọ ọ́ ni mo lọ kọ ọ́ sókè pátápátá lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí mo rántí rẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tó o ti sọ ọ́. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, omi o, ológbò o, orúnkún o, ẹ̀rọ kà á mọ́ ọ̀rọ̀ tí ìwọ ń bá mi sọ.

Mo ti mọ bọ́tìnì àmì náà. Mo gbé ìka lé e lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣí ẹnu ló ń pa á dé, Àjọkẹ́. Wá fọwọ́ ara rẹ pa á dé.

Owó tí mo fẹ́ tọrọ ò pọ̀, owó bátìrì rédíò ni, kí ohùn èèyàn lè wà nílé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wàá tètè dé lọ́jọ́ kan, má ra bátìrì mọ́, fi owó rẹ̀ ra ẹ̀pà, ká jọ máa jẹ ẹ́.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tó máa ráyè fún ọ. Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ náà ò sì ní bọ́ sọ́wọ́ iṣẹ́. Abẹ́ kúlà oúnjẹ rẹ ni mo fi ìwé yìí sí. Mo wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. O ní kí n jókòó, mo ṣì jókòó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọ̀jẹ̀túndé