Ẹlẹ́nu Píìnì, Ọdún Mẹ́ta Rèé

Ọdún mẹ́ta rèé tí o papòdà, ìyàwó mi, aránṣọ mi, Ẹlẹ́nu Píìnì!

Ọmọ wa ọkùnrin ti ga jù mí lọ, gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ ló ti kúrú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ kò tì. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Bí àwọn èèyàn bá bi mí pé ṣé dáadáa ni, mo máa ń ní a dúpẹ́. N kì í sunkún. N kò mọ ohun tó ń ṣe mí, n kò sì wádìí.

Ìwọ máa ń wádìí. Bí inú bá ti ń bí ọ, wàá kó píìnì sẹ́nu, wàá tẹrí ba sí etí aṣọ tí ò ń ká. Àwa a máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá ti tilẹ̀kùn! Ìgbà tí píìnì bá tán lẹ́nu rẹ lo tó ń sọ̀rọ̀: pé ebi ló kàn ń pa ọ́, tàbí pé ohun tí mo sọ láàárọ̀ ló dùn ọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, o kì í jẹ́ kó já bọ́. Ìjà kì í pẹ́ nílé wa nígbà yẹn.

Lẹ́yìn rẹ, ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn mọ́. Ọ̀rọ̀ mi sú ọmọ wa obìnrin débi pé ó di ẹrù láti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tó gé gáùn oníbàárà kan kúrú jù. Mo lanu láti sọ fún un pé ó ti ba iṣẹ́ ìyá rẹ̀ jẹ́. Ó fa píìnì kan yọ lára aṣọ, ó nà án sí mi.

Mo fi í sẹ́nu. Mo dúró títí ó fi ká etí aṣọ mìíràn tán. Mo wádìí ohun tó ń bí mi nínú, n kò rí gáùn kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo yọ píìnì náà, mo sọ fún un pé òun kọ́ ni mò ń bá jà, ìyá rẹ̀ ni mò ń wá. Ó bú sẹ́kún. Èmi ò tíì lè sunkún, àní títí di òní. Ṣùgbọ́n ó gbé báàgì rẹ̀ padà sí yàrá.

Píìnì kan wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti wádìí, ìyàwó mi. Mo yọ ọ́ báyìí.

Àárò rẹ ń sọ mí! Àárò rẹ ń sọ gbogbo wa! A ṣì fẹ́ràn rẹ.