Ọkọ̀ Tuntun Tí Mo Dá Padà

                                                                Ẹ̀bá Ọ̀nà Tré,
                                                                Dassa-Zoumè.
                                                                Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ràhímọ́tù, Ìyá Ṣẹ̀rífù,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ṣẹ̀rífù ńkọ́? Orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún nígbà tí ẹ wá kí wa ní Iléyá, ṣé ó ti ń jẹ́ kó kírun láìjókòó sórí àga? Ṣẹ̀rífù fúnra rẹ̀ ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀? Mo gbọ́ pé oyún ti dúró níbẹ̀. Ọlọ́run á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ìwọ gan-an ńkọ́, ṣé Párákú ti mọ́ ẹ lára, àbí ọyẹ́ wọn ṣì ń mú kí o máa wọ ẹ̀wù méjì sùn? Gbogbo wa níbí wà láàyè. Rébecca ọmọ mi ní kí n kí ẹ dáadáa. Iṣu ọdún yìí ta, ó tóbi, kò sì ní kòkòrò nínú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi tẹ̀ ẹ́ láago. Ìwọ ni mo sá fún. Bí mo bá pè ẹ́, mi ò ní sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí o tó gbà á lẹ́nu mi, owó tó wà lórí fóònù mi á sì tán síbi tí o ti ń bá mi jà. Nínú lẹ́tà, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀. Torí náà, jókòó, kí o kà á tán kí o tó bínú.

Mi ò ra ọkọ̀ tuntun náà mọ́.

Mo ní kí o kà á tán!

O rántí ohun tí o sọ ní Iléyá, pé tí mi ò bá tètè ta ọkọ̀ akẹ́rù bàṣé wa yẹn, inú rẹ̀ ni ẹ ó ti wá gbé òkú mi. O lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, torí owó àwa méjèèjì la fi rà á lọ́dún 2002, kí o tó ta ìdajì tìrẹ fún mi nígbà tí ẹ ń kó lọ sí Párákú. Ìwọ náà mọ gbogbo àrùn ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, okùn la fi ń so ó. Gíláàsì kò ṣeé yí sílẹ̀. Tapolíìnì tó bo ẹ̀yìn, mo ti lẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ibi tó kù tí n ó tún lẹ̀ mọ́. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Bí ìgbà tí wọ́n bá ń da òkúta sórí páànù. Mo ní kí Rébecca bá mi ro owó tí mo fi tún un ṣe láti oṣù kìíní dé oṣù kẹjọ, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́rin ẹgbẹ̀rún séfà. Mo ní kó tún un rò. Iye kan náà ló jáde. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Nígbà tí àjọ kàn mí nínú oṣù kẹsàn-án, mo ránṣẹ́ sí Achille, ọmọ àbúrò ọkọ mi tó máa ń ra ọkọ̀ tó bá ti orí omi dé Kútọnu, tó sì ń gbé e wá tà fún àwa ará òkè. O mọ̀ pé tuntun tiwa ni mo ń wí: òyìnbó ti lò ó títí tó fi sú u. Achille gbé ọ̀kan wá, aláwọ̀ eérú, ó ń dán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pa dé bí ìgbà tí èèyàn bá ń mí. Mílíọ̀nù mẹ́rin ló pè é, ó ní òun á gba bàṣé lọ́wọ́ mi ní ìdajì mílíọ̀nù. Mo ní gèlè lásán, mi ò lè rà á láìwé e wò, ká má tíì sọ ọkọ̀. Kó fi í sílẹ̀ kí n fi lọ ọjà kan. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó gba ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dání lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé mo fẹ́ wà á sá lọ sí Nàìjíríà, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ká má purọ́, ọkọ̀ náà dùn. Bàbá Rébecca, ọkọ mi, wẹ̀, ó wọ bàtà tó fi ń lọ sí máàsì, ó jókòó sídìí ọkọ̀ bíi dókítà. A fi lọ sí Tré, a tún fi bọ̀. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wa lójú. Kò sí ariwo kankan, débi pé mo ń gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń gbé itọ́ mì. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Rébecca, èyí rọ̀ mí lọ́wọ́ púpọ̀. Apá ọ̀tún mi yìí kò fẹ́ jẹ́ kí n lè yí bàṣé mọ́."

Mo ní, "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní, "Ó ti lé lọ́dún méjì. Ṣebí gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń sọ fún ẹ. Ìwọ náà sì máa ń dáhùn pé, 'Ẹn, ó dáa.'"

Ràhímọ́tù, mo ti rò pé owó iṣu ló ń bá mi sọ! Nínú ariwo bàṣé, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Ojú tì mí. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó parí, mílíọ̀nù mẹ́rin kò pọ̀ ju apá Bàbá Rébecca lọ, n ó ra ọkọ̀ yìí.

Ọjọ́ ọjà wá kò. Ìdájí la ti gbéra, a forí lé Akofodjoulè láti lọ kó iṣu àwọn obìnrin tí à ń bá gbé e lọ sí ọjà Glazoué kún tiwa. O mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Ẹ̀yìn òkè ni ilé àti oko wọn wà, fóònù kò sì wọlé níbẹ̀. Bí bàṣé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kérora gun gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ ìdí àpáta tó là sí méjì, òkè á gba ariwo náà, á jù ú sí wọn lẹ́yìn ọ̀hún. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa di ẹrù, kí a sì tó dé abẹ́ máńgòrò ojú ọ̀nà, wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀.

A dé abẹ́ máńgòrò. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo la bá níbẹ̀.

Mo ní kí Bàbá Rébecca fọn fèrè ọkọ̀. Ó fọn ọ́n. Kó o tó ṣẹ́jú, ọmọ bíi mẹ́fà ti sáré yọ, owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò wá lójú, wọ́n lọ wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn wá ní, "Búrẹ́dì dà?" Ọlọ́búrẹ́dì tó ń gun alùpùpù ló máa ń fọn ọ́n bẹ́ẹ̀ fún wọn láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n lọ pe ìyá wọn wá. Ọmọ tí kò rí búrẹ́dì rà, ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ fi jíṣẹ́ yá?

Oòrùn ti ràn kí Chantal tó yọ, lọ́wọ́ òfìfo, òun tó jẹ́ pé iṣu tirẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀yin rèé? Láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ la ti ń tẹ́tí! A ní bàṣé ti kú. Màmá Isabelle tiẹ̀ ti ní ká dáwó jọ ká wá kí yín kú ìrọ́jú."

Ó sáré padà lọ pe àwọn tó kù, ó sì gbé iṣu tirẹ̀ bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, Màmá Isabelle tó dàgbà jù láàárín wọn dúró lókèèrè, kò sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló ni èyí?"

Mo ní, "Tiwa ni, Màmá."

"Èló lo máa gbà lórí ẹrù báyìí?"

"Iye tí à ń gbà tẹ́lẹ̀ náà ni."

"Irọ́ lo pa. Àga rírọ̀ yìí nìkan, ta ló fẹ́ sanwó rẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ló sọ, torí lálẹ́ àná ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti ṣírò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pé n ó fi igba séfà lé owó ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ibi tí mo ti ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Bàbá Rébecca ti gbé omi jáde, tó ní kí gbogbo wọn fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gun ọkọ̀. Bàbá Rébecca! Ọkùnrin tó ti ń gbé ewúrẹ́ àti àgbàdo àti ìgbẹ́ adìyẹ láti ọdún méjìlélógún! Chantal rẹ́rìn-ín títí tí iṣu fi já lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Isabelle kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni òun fi gbin iṣu náà, òun kò mọ ẹsẹ̀ mìíràn tí òun fẹ́ fi gbé e lọ sọ́jà. Ó yí padà, àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e, wọ́n lọ di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ Séverin tó ń bá wa du oníbàárà, tí kì í béèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a fi máa dé Glazoué, àwọn oníṣòwò Kútọnu ti kún ọkọ̀ ńlá wọn, wọ́n ń di okùn. Àwọn tó ṣẹ́kù ń ná iṣu wa bí ẹni tó rí i he. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà péré ni mo jèrè, lọ́jọ́ tó yẹ kí n kó ọgbọ̀n wálé.

Ọjọ́ Àìkú, Achille dé, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tàńtì, ẹ ti rí i pé kò láfiwé."

Mo ní, "Ó dára, ọmọ mi. Ó kàn dákẹ́ jù."

"Ó dákẹ́ jù kẹ̀? Tàńtì, èèyàn ń fi owó kún owó kí ọkọ̀ wọn lè dákẹ́!"

"Àwọn yẹn kì í kó iṣu ní Akofodjoulè."

Ó ní òun á bá mi fi fèrè tó rinlẹ̀ sí i. Mo ní wọ́n á rò pé ọlọ́búrẹ́dì mẹ́wàá ló dé. Ó fẹ́ yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nínú owó tó gbà dání lọ́wọ́ mi, ó ní ti epo ni. Mo wò ó. Ó kà á pé fún mi.

Ó wá ku apá Bàbá Rébecca. Mo mú bàṣé lọ bá Ṣàkírù mẹkáníìkì, ọmọ Àríkẹ́ aláṣọ, nínú ìgboro. Mo ní kó yọ gbogbo ohun tó ti gbó: bíréèkì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilẹ̀kùn tí à ń so, kó sì bá mi wá ìdarí tó rọ̀ láti ara ọkọ̀ mìíràn fi sí i. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ẹgbẹ̀rún ló gbà, lẹ́yìn tí mo ti jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó parí, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun á fi páìpù èéfín tuntun ta mí lọ́rẹ. Mo ní rárá. "Ìyá Rébecca, ọ̀fẹ́ mà ni! Bó bá ń pariwo báyìí jáde lọ́dọ̀ mi, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́." Mo ní bó bá fọwọ́ kan páìpù yẹn, mi ò san séfà kan. Ìwọ tí o mọ̀ mí, ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé mo kọ ohun ọ̀fẹ́?

Ṣùgbọ́n dókítà ní kí Bàbá Rébecca gbé apá sinmi, bí ìdarí tiẹ̀ rọ̀. Mo wá ro ti awakọ̀: ogójì ẹgbẹ̀rún lóṣù, oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀, epo tó máa fà tà níbẹ̀. Mo rò ó títí, ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní gbowó oṣù lọ́wọ́ mi ni mo rí, èmi alára. Bẹ́ẹ̀ ni, Ràhímọ́tù, mo lọ kọ́ ọkọ̀, ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta tí mo wà yìí. Olùkọ́ tí Rébecca ṣàgbà fún ló ń pariwo lé mi lórí pé, "Màmá, ẹ rọra!" Wọ́n bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn; wọ́n ní kí n fẹ̀yìn rìn láàárín igi méjì, mo wó ọ̀kan, wọ́n ní kí n tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ni wọ́n fún mi ní ìwé ìwakọ̀.

Ọjọ́ ọjà tó kọjá yìí, èmi ni mo wà á lọ. Bàbá Rébecca jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń gbàdúrà sí Màríà Mímọ́, kò sì fi pamọ́ fún mi. Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́, mo pààrọ̀ jíà, bàṣé ké igbe kan tí kò ké rí láti ọjọ́ tí a ti rà á. Mo tún un pààrọ̀, ó tún ké. A dé abẹ́ máńgòrò. Gbogbo wọn ló pé síbẹ̀, àti Màmá Isabelle àti àwọn mẹ́ta yẹn, ẹrù ti wà ní dídì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn igi ni wọ́n lọ dúró sí, wọ́n fún pọ̀ mọ́ra wọn.

Mo ní, "Chantal, kí ló mú yín yá tó báyìí lónìí?"

Ó ní, "Láti òkè lọ́hùn-ún la ti gbọ́ pé kì í ṣe Bàbá Rébecca. A ní ká tètè sọ̀ kalẹ̀, ká lè kúrò lójú ọ̀nà kí o tó dé."

A tètè dé Glazoué. Iṣu wa ni wọ́n kọ́kọ́ rà.

Bá mi kí Bàbá Ṣẹ̀rífù, kí o kí Ṣẹ̀rífù, kí o sì bá mi fọwọ́ kan ikùn ìyàwó rẹ̀. Iṣu márùn-ún wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá. Ka iṣu náà, torí mo kà á kí n tó fún un. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá kí wa ní Kérésì, ẹ má ṣe san owó alùpùpù zẹ́mi láti ibùdókọ̀, èmi ni n ó wá gbé yín. Sọ fún Bàbá Ṣẹ̀rífù pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ ó ti gbọ́ mi tipẹ́ kí n tó dé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́, tí kò ṣeé fi tuntun pààrọ̀,

Suzanne, Ìyá Rébecca.