Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olútáyọ̀ Akínbọ́lá, Ẹni Tó Kọ́ Alímòṣọ́ Bí A Ṣe Ń Jẹun

Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Alákòóso, Ilé Ìwádìí Àìsàn Àtọ̀gbẹ, Ẹ̀gbẹ́dá

Sí Olóyè Zacchaeus Akínbọ́lá, olórí ẹbí. Sí Ìyáàfin Lucy Akínbọ́lá, opó olóògbé. Àti sí gbogbo ẹbí Akínbọ́lá, Gowon Estate

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ìtọ̀ ṣúgà ló pa á. Ọkàn wa wúwo bí ọlọ bí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé láti ìgbà tí ìròyìn ikú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olútáyọ̀ Akínbọ́lá ti jáde, ẹni tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ ké "Háà!", á wo ọ̀tún, á wo òsì, á wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Ṣé kì í ṣe nǹkan yẹn náà ṣá?" Nǹkan yẹn náà ni. Àìsàn tó fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún lé kiri gbogbo Alímòṣọ́ ló yíjú padà sí i. Ilé ìwòsàn ti sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀, nítorí pé olóògbé fúnra rẹ̀ kórìíra kí a máa pe àìsàn ní "ara tí kò fi bẹ́ẹ̀ le".

Ikú yìí kò lè sọ iṣẹ́ rẹ̀ di kékeré. A ti rí ọ̀mọ̀wé rí. A ti rí ẹni tó ń kó oyè jọ bí ẹní ń kó iṣu sí àká. Ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó gbé ìmọ̀ tó jìn tó bẹ́ẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn, tó sì jókòó tì í lórí àpótí ìdáná. Nígbà tó ti òkè òkun dé, ipò ńlá wà nílẹ̀ fún un ní ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ó fi í sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ló gbà ní Òkè-Odò, láàárín ẹni tó ń lẹ táyà àti aránṣọ, ó ra fìríìjì kan tí yóò máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí iná bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ náà bá sì kọ̀ láti dáhùn, á kó àwọn ìgò ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀rá, á gbé wọn lọ bá obìnrin tó ń ta ẹja dídì ní òdìkejì títì, kó bá òun fi wọ́n sínú fìríìsà. Àwọn oníbàárà obìnrin náà gbọ́. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ra gbogbo ẹja náà, ó sì pín in fún àwọn aláìsàn, ó ní ẹja dára fún wọn ju ẹran lọ.

Iṣẹ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyanu kan tí kò gbà gbọ́. Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè tí àwọn aláìsàn bá wá sí àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ wọn á dára, á dára débi pé àwọn nọ́ọ̀sì á máa pàtẹ́wọ́. Síbẹ̀, ojú ń fọ́, ẹsẹ̀ ń jẹrà. Àwọn kan ní oògùn ni kò dára. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, èèyàn ni. Ó wádìí títí ó fi rí i pé àwa ará ibí ń múra de ọjọ́ àyẹ̀wò bí a ṣe ń múra de àlejò: a gbálẹ̀, a tẹ́ aṣọ tuntun sórí àga, a sì ti gbogbo pàǹtírí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti Sátidé ni wọ́n ti ń mu omi ewúro. Kò sí oúnjẹ alẹ́ Sọ́ńdè. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ lójú ara wọn o. Wọ́n kàn fẹ́ kí dókítà yìn wọ́n ni. Tó bá sì ti yìn wọ́n tán, ìdí oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń yà sí lọ́nà ilé, láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Òun ló wá taku pé àyẹ̀wò tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni kí a máa lò ní agbègbè yìí, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mu ewúro fún oṣù mẹ́ta gbáko nítorí kí dókítà lè yìn ín. Ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kà á ní àwọn ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ Ìkọ̀tún rí. A jókòó níbí, ẹnu ń yà wá. Ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ láti kékeré, pé èèyàn máa ń tún ilé ṣe nígbà tí àlejò bá ń bọ̀, òun ló sọ ọ́ di ìmọ̀ tó ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ayùn.

Kò dúró níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé àwọn aláìsàn ní ọ̀sán gangan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Alhaja Ìdíátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ oníke ní Ìkọ̀tún, wà lára wọn. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó ní, "Alhaja, ẹ kú ọ̀sán. Kí lẹ sè?" Alhaja ní, "Ẹ̀fọ́ ni, Prófẹ̀. Ẹ̀fọ́ lásán." Ó ní òun fẹ́ fojú rí ẹ̀fọ́ lásán. Ó ṣí ìkòkò, ó bá ìrẹsì pupa tó kún dé etí, pẹ̀lú dòdò lórí. "Alhaja, ẹ̀fọ́ dà?" Ìyá náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ní, "Ó wà nísàlẹ̀, Prófẹ̀. Ẹ ṣáà máa wà á lọ." Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò nílé náà títí wọ́n fi jọ ṣàdéhùn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń padà lọ. Lọ́jọ́ tí a ṣí ìwé ìkẹ́dùn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa, ẹsẹ̀ méjèèjì ni Alhaja Ìdíátù fi rìn wọlé wá fọwọ́ sí i. Àwọn ọmọ Ìkọ̀tún ló sọ ọ́ ní Baba Ṣíkòkò, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju gbogbo oyè rẹ̀ lọ. Ó kéré tán, ohun tó máa ń sọ nìyẹn.

A kò sì ní purọ́ pé kò mọ̀ pé òun tóbi. Ó mọ̀. Ó mọ̀ kí àwa tó mọ̀. Nínú oòrùn oṣù kẹta, kóòtù oníwẹ́sìkóòtì ló máa ń wọ̀. Tí olóòtú ètò bá fo ẹyọ kan nínú àwọn oyè rẹ̀, ó máa ń rọra gbé ọwọ́ sókè, olóòtú á sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣètò Ìlànà Oúnjẹ Akínbọ́lá, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwòsàn gbogbo láti Ìgándò títí dé Ìyànà Ìpájà, ó ní kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo. Lórí bébà náà, àwòrán Ọ̀jọ̀gbọ́n ló gba ìdajì ojú ìwé. Kò sẹ́ni tó bínú. Ìlànà náà ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí a ò bá ti sin ń bẹ láyé lónìí, wọ́n ń jẹ ẹ̀wà, wọ́n sì ń ráhùn pé iyọ̀ kò tó o.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ tí ẹbí mú wá bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá fi dùn wá dé egungun. Olóyè Zacchaeus, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n olóògbé fúnra yín lẹ ṣíwájú. Ẹ ní kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìkẹ́dùn yìí pé oúnjẹ ilé ló pa àbúrò yín. Ẹ ní tí ìwé náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, Ìyáàfin Lucy yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ rẹ̀ kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé, kò sì ní bá ẹbí jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bi wá pé, "Ẹni tó ń kọ́ gbogbo Alímòṣọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹun, ta ló ń se tiẹ̀? Àbí èmi ni mò ń se é? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ọ̀rọ̀ jàre." Ìyáàfin Lucy, tó jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ dúdú, dáhùn pé Ìlànà Ọ̀jọ̀gbọ́n lòun fi ń se oúnjẹ tòun. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ lòun ń gbé oúnjẹ ọ̀sán sínú kúlà fún un, kúlà náà á sì padà wálé lófìfo, bí ẹni pé wọ́n lá a. Olóyè, ẹ lu itan yín. Ẹ ní, "Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀! Òfìfo ló ń padà! Gbogbo ohun tó sè pátá ni àbúrò mi jẹ!" Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà fi gbèjà ara rẹ̀ ṣe di ẹ̀rí lòdì sí i.

Ilé Ìwádìí ni wá. A kì í fọwọ́ sí ohun tí a kò wádìí. Ìyáàfin Hope, onímọ̀ nípa oúnjẹ níbí, sọ fún wa pé kò sí aya aláìsàn tàbí aya dókítà tó ń pe òun tó Ìyáàfin Lucy: ṣé èbà yìí kò ti tóbi jù, ṣé epo ìwọ̀nba yìí kò ní dà á láàmú? Lẹ́yìn náà ni Sùrájù, awakọ̀ olóògbé, wọlé wá bá Ìgbìmọ̀ láìpè. Ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún ìyàwó ọ̀gá rẹ̀, oorun kò sì kùn ún mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́." A ní kí ló ń jẹ. "Oúnjẹ inú kúlà. Láti ìgbà tí mo ti ń wa Prófẹ̀ ni. Wọ́n á ní, 'Sùrájù, gbà, jẹ ẹ́ tán o, má jẹ́ kí ìyàwó mi rí ìyókù.' Mo ní, 'Ẹ̀yin ńkọ́, sà?' Wọ́n ní oúnjẹ aláìsàn ni, àwọn kì í ṣe aláìsàn." A bi í pé kí wá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń jẹ. Ó wo ilẹ̀. "Búrẹ́dì ni, sà. Mítípáì. Ẹlẹ́rìndòdò tó tutù. Inú ọkọ̀ ni, wọ́n á ní kí n yí gíláàsì sókè."

A ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ Sùrájù wò. Nígbà tí a gbà á síṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ burú, a tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ oògùn. Ní báyìí, ó mọ́ kedere, àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta náà sì jẹ́rìí sí i. Nínú gbogbo àwọn tí a ti ń tọ́jú, kò sí ẹni tí Ìlànà Oúnjẹ Akínbọ́lá ṣe lóore tó bẹ́ẹ̀. A dìde dúró nígbà tí èsì náà dé. A wárí fún ọpọlọ tó ṣètò ìlànà yẹn, àti fún ọwọ́ tó sè é.

Nítorí náà, Olóyè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ yín, a kò lè kọ ohun tí ẹ ní kí a kọ. Ohun tí a lè fọwọ́ sí ni pé oúnjẹ Ìyáàfin Lucy ń gba èèyàn là, ọkọ rẹ̀ ni kò fẹnu kàn án. Ìyáàfin Lucy, ìyá Olúwadọ̀tun, a mọ̀ pé ìròyìn yìí yóò tù yín lára lọ́nà kan, yóò sì dùn yín lọ́nà kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sunkún nítorí ọbẹ̀. Ọbẹ̀ yín kò ṣòfò.

A ti fi ẹ̀dà ìwé yìí ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Ní ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ọmọ Ìgbìmọ̀ yóò wá mú Ìyáàfin Lucy láti ilé rẹ̀ ní Gowon Estate, wọn yóò mú un jókòó ní ìlà iwájú, wọn yóò sì dá a padà sí ilé rẹ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ̀rọ̀ kíkó ẹrù, agbẹjọ́rò wa ni yóò dá a lóhùn. Nítorí pé àìsàn yìí a máa rìn nínú ẹbí, ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún Olúwadọ̀tun àti Olúwakáyọ̀dé, àwọn ọmọ olóògbé, àti fún ẹ̀yin Olóyè pẹ̀lú, láti ṣe àyẹ̀wò. Ẹ má mu ewúro kí ẹ tó wá.

Kí Ọlọ́run tó mọ inú gbogbo wa, tó sì ṣì ń ṣàánú wa, fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé ojú opó yìí. Kó fi ìrẹ́pọ̀ sáàárín ẹ̀gbọ́n àti aya àbúrò kí ilé má baà dà. Kó fi ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínbọ́lá kò jẹ́ kí wọ́n gé ṣe ẹ̀rí rere fún un níwájú ìtẹ́ rẹ̀. Àmín.

Ó ku ìbéèrè kan tí Olóyè béèrè tí a kò tíì dáhùn: ìgbà wo ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ lára olóògbé? A kò mọ̀. Ọjọ́ tó kú ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.